Ohùn Tó Ń Pe Àyọ̀kẹ́

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà ọdún tó kọjá ni Bàbá Lágúnjú kọ́kọ́ gbọ́ ọ: ohùn ara rẹ̀ ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló jókòó ní pálọ̀, tó pa ẹnu mọ́.

"Àyọ̀kẹ́ o!"

"Bàbá, mo ń bọ̀!" Ọmọbìnrin náà sáré kọjá níwájú rẹ̀. Nígbà tó padà wọlé tó rí i lórí àga, ó dúró sójú kan.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ pè mí?"

"Èmi ni," ni Bàbá wí. Irọ́ ni. Ó mọ ohun tí òun ti ṣe.

Ìmísí ni yunifásítì fi mọ ọmọ náà. Àyọ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, Bàbá nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé wọn ní àdúgbò Mayfair. Ibi yòówù kó wà, bó bá ti gbọ́ ọ, á dáhùn kó tó ronú.

Nínú oṣù Èrèlé, ó kọ ọ́ sórí Facebook pé kí àwọn ọmọkùnrin kan jáwọ́ nínú yíya àwòrán àwọn obìnrin láìgbàṣẹ. Ni wọ́n bá dìde sí i. Wọ́n gé orí rẹ̀ nínú àwòrán tó yà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìhòòhò ẹlòmíràn. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń pe Ìmísí, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó fi ojú hàn. Ọmọ náà kò dá wọn lóhùn.

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi, Bàbá. A kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí."

"Kí wọ́n máa bú ọmọ mi kí n máa wò? Ṣé wọ́n rò pé púrúǹtù ṣì ni mí ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ nǹkan kan."

"Mo ti gbọ́."

Kò gbọ́. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ló jẹ́ kó tó fi ara rẹ̀ kọ́ ìwé, ìwé náà sì ń gùn ún. Odindi òwúrọ̀ kan ló fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ sórí Facebook: Ẹ fi Àyọ̀kẹ́ mi sílẹ̀ o. Ó tún fi àmì ohùn sí i, kí wọ́n má baà ṣi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè.

Kí oòrùn tó wọ̀, igba ènìyàn ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àyọ̀kẹ́. Àyọ̀kẹ́. Wọn kò ṣi àmì kan.

Lẹ́yìn ọjọ́ tó pè é ní ẹ̀yìnkùlé, ohùn náà tún pè é lẹ́bàá kànga. Ọmọ náà jẹ́ ìpè náà. Láràárọ̀ ni Bàbá ń pinnu láti jẹ́wọ́ fún un, láràárọ̀ ni ìtìjú ń dí i lẹ́nu.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kejì, ó ń ti Ẹnuwá bọ̀ nígbà tí Mùnírátù, aránṣọ iwájú ilé, káwọ́ lérí.

"Háà! Bàbá, ọ̀nà ibo lẹ gbà? Ṣebí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pe Ìmísí lẹ́nu géètì ni? Mo gbọ́ yín ketekete. Ó ní 'mo ń bọ̀', ó sáré jáde láìwọ bàtà."

Wọ́n wá a títí. Wọn kò rí i.

Bàbá dúró lẹ́nu géètì, ó figbe ta: "Àyọ̀kẹ́ o!"

Láti inú fóònù ọmọ náà tó wà ní pípa lórí tábìlì pálọ̀ ni ohùn rẹ̀ ti dáhùn: "Bàbá, mo ń bọ̀."

Kò sẹ́ni tó wọlé.

Bàtà pé. Aṣọ pé. Ìwé pé. Ohun tó sọnù: ọmọ kan, oríkì kan.