Ẹni Tó Dàgbà Jù Ní Yàrá Ìkókó

Ọmọ náà kú mọ́ Ìbídùn lọ́wọ́ níbi tó ti ń kí àgbà.

Kì í ṣe ọmọ ènìyàn, a dúpẹ́. Ọmọ-àfikọ́ṣẹ́ ni, ẹ̀rọ tí wọ́n fi awọ rírọ̀ bò, tó ń mí, tó ń yán, tó ń ṣe bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ní Ìlú Òṣùpá, níbi tí ara ti ń fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀pọ̀ ìkókó kì í dúró kí oṣù pé kí wọ́n tó jáde, ẹ̀rọ yìí sì ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kọ́ ìtọ́jú wọn. Ẹni tó bá pa á lẹ́ẹ̀mẹta kò ní fọwọ́ kan ọmọ gidi láéláé. Ìbídùn ti pa á lẹ́ẹ̀mejì báyìí.

Ìyá Mopélọ́lá, ọ̀gá àwọn olùkọ́, ló kàn wọlé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Ìbídùn, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó rántí ohun tó gbé dání. Kó tó kíni tán, ètè ẹ̀rọ náà ti dúdú.

Dókítà Láṣebìkan tó ṣe ẹ̀rọ náà mi orí. "Mà, ẹ jẹ́ kí n fi aago sí i. Bí èémí bá ti fẹ́ dáwọ́ dúró, á dún."

"Bí aago bá dún, ó ti pẹ́. Ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ kí aago tó mọ nǹkan kan."

"Ọmọ tí kò lágbára láti sunkún, mà? Kí ló fi ń sọ ọ́?"

"Ìka rẹ̀." Ìyá tẹ́ ọwọ́ kékeré náà. "Wò ó, Ìbídùn. Bó bá la ìka báyìí, tó gbójú kúrò lọ́dọ̀ rẹ, ó ti ń rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a mọ́ra, kí o rọra máa ra á lẹ́yìn." Ó wá fa ọmọbìnrin náà létí díẹ̀. "Tọ́mọ bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, èmi kọ́ ni àgbà. Òun ni àgbà yàrá yìí."

"Ṣé kí n má kí yín ni, mà?"

"Tóo bá kí mi, ìgbálẹ̀ ni màá fi lé ọ."

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá ti ń wọlé wá dán an wò. Á ní, "Ìbídùn, ṣé o ti jẹun?" Á ní, "Irun rẹ mà dára o." Ìbídùn á gé ètè jẹ, kò ní wòkè. Ó yege, ó sì fẹ́ràn ìyá náà bí ẹni tó bí i.

Ṣùgbọ́n àìsàn ọkàn kò jẹ́ kí Ìyá lè gbé Òṣùpá mọ́. Ó gbọ́dọ̀ padà sí Ayé, ẹni tó bá sì fi ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kì í gòkè mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni Ìbídùn bẹ̀ ẹ́ fún: kó gbọ́wọ́ lé òun lórí, kó gbàdúrà fún òun kó tó lọ. Ìyá ṣèlérí.

Lọ́jọ́ ìrìnàjò náà, ọmọ gidi ló wà lọ́wọ́ Ìbídùn, ọmọbìnrin tí kò tóbi ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan lọ. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó gbóòórùn òrí tí Ìyá fi ń ra orúnkún. Ìgbà náà gan-an ni ọmọ la ìka, tó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìbídùn kò wẹ̀yìn. Ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó ń ra á lẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ń bẹ ìkókó náà, "ẹ mí."

Nígbà tí ètè ọmọ pọ́n padà, ilẹ̀kùn ti pa dé, ọkọ̀ òfuurufú sì ti gbéra. Láṣebìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyá ní kí n má pè ọ́."

"Wọn ò gbàdúrà fún mi?"

"Wọ́n kúnlẹ̀ síbí, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn, wọ́n kí àgbà tó wà lọ́wọ́ rẹ. Èmi ni mo gbé wọn dìde."

Ẹkún gbọn Ìbídùn. Síbẹ̀, ó wo ìka ọmọ náà kó tó nu ojú ara rẹ̀.