A Jọ Máa Dé Ni

Ìwọ tó ń gbọ́ mi, níbo ni ọ̀nà ilẹ̀ ń wọ̀ nígbà tí bàálù bá fò ó kọjá? Má tíì dáhùn. Ọlọ́run tí mò ń sìn gbọ́, ó ṣẹlẹ̀, n ò sì bù mọ́ ọn.

Bàbá Onígíláàsì ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, nítorí gíláàsì fèrèsé ló ń tà. Kíndìnrín ìyàwó rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Ìlú kejì ni ilé ìwòsàn tó lè tọ́jú rẹ̀ wà. Bí wákàtí kan ni bàálù ń fò débẹ̀. Ọkọ̀ ilẹ̀ ní tiẹ̀, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á tún mọ́ bá a lójú ọ̀nà.

Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kan ṣoṣo ni ọkọ rà. Fún ara rẹ̀.

"Olówó orí mi, ara mi ò gba ọ̀nà jíjìn," ni ìyàwó wí ní gáréèjì.

"Ṣé ẹyin lo jẹ́ ni, tí ọ̀nà á fi fọ́ ẹ? Wọlé, jàre."

Obìnrin náà wọ ọkọ̀. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n a jọ máa dé ni. Mo ṣèlérí fún yín."

Nígbà tí ọkọ̀ dé kọ́nà oníyanrìn pupa, obìnrin náà mí kanlẹ̀. Kò mí òmíràn mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti jẹun yó ní ìlú kejì, ó ti ń hanrun.

Ọdún yí po. Bàbá Onígíláàsì wọ kóòtù, ó tún wọ bàálù, ọjà ló fẹ́ lọ rà. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Bí wọ́n ṣe gbéra, tìmùtìmù ìjókòó náà rọra rì. Bẹ́líìtì rẹ̀ fa ara rẹ̀ wọlé. Kọ́.

"Ọmọ mi, ta ló jókòó síbí?"

Ọmọbìnrin tó ń pín omi rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́nìkan, bàbá. Ẹ sinmi, a ò ní pẹ́ balẹ̀."

Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í gbá kòtò. Gbì. Gbì. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Síbẹ̀, omi inú ife ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kò mì. Ó wo fèrèsé. Kò rí ìkùukùu. Igi ló ń kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ilẹ̀ ṣú níta. Ilẹ̀ tún mọ́. Irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n rẹ̀. Ó fa bẹ́líìtì rẹ̀, kò tú.

Ẹnìkan mí kanlẹ̀ sí i létí. Bàbá Onígíláàsì dúró de òmíràn. Kò dé.

"Olówó orí mi, ṣé ẹyin lẹ jẹ́ ni?"

Nígbà tí bàálù balẹ̀, bẹ́líìtì méjì ló wà ní dídè láìsí ènìyàn nínú wọn. Yanrìn pupa wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an, dírẹ́fà tó gbé ìyàwó lọ́jọ́sí rí ẹni méjì tó jókòó sí kọ́nà oníyanrìn pupa náà: ọkùnrin oníkóòtù tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, àti obìnrin tó di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí.

"Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ n gbé yín."

Obìnrin náà mirí. "Ẹ ṣeun, dírẹ́fà. Ẹ máa lọ. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé a jọ máa dé ni. A ti dé."