Mẹ́ta Nínú Mẹ́wàá

Ọ̀rẹ́dọlá ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ tábìlì kí dókítà má baà rí bí wọ́n ti bó. Ọṣẹ ló bó wọn. Bó bá kan ilẹ̀kùn, á fọwọ́. Bó bá gba ṣéńjì lọ́wọ́ ọlọ́kadà, á tún fọ̀ ọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní Japara, ṣe ni wọ́n ń yìn ín. "Ọmọ yìí mà mọ́ tónítóní o!" ni àwọn ìyá ìjọ ń wí, wọ́n sì fi í ṣe ẹni tí ń fọ aṣọ pẹpẹ. Wọn ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọjọ́ tó ń fọwọ́ nídìí ẹ̀rọ omi ilé-ìwé títí wọ́n fi ṣe ìdánwò Ìṣirò tán ni ojú ìyá rẹ̀ tó là. Wáẹ́ẹ̀kì sì ku oṣù méjì.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, sọ́dọ̀ Dókítà Ẹnìtàn, ẹni tí ń tọ́jú àwọn tí ẹ̀rù àti ìrònú ń dà láàmú.

Dókítà gbé garawa pàǹtí kan síwájú rẹ̀. "Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ni. Wàá kọ́kọ́ dúró tì í, wàá fi ìka kan ìdérí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé èyí tó kẹ́yìn: wàá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wàá fi ọwọ́ náà pa ojú láìfọ̀ ọ́. Máa sọ bí ẹ̀rù ṣe ń bà ọ́ tó, láti òdo dé ọgọ́rùn-ún. Ibi tó bá ti sú ọ, dúró. Kò sí èsì tó burú."

Kò sí èsì tó burú kẹ̀? Ọ̀rẹ́dọlá tí kì í gba ohun tó dín ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá! Ìrètí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sì ti sọ fún un pé bó bá kùnà, wèrè ni wọ́n máa pè é. Ó ti múra wá: ike sanitáísà kékeré, oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń pa ọwọ́, wà lápò rẹ̀.

Ó ṣe ìgbésẹ̀ mẹ́ta tinútinú. Láti ìkẹrin lọ, bí dókítà bá ti tẹrí ba láti kọ̀wé, á ki ọwọ́ bọ àpò, á fi oògùn ike náà pa á.

"Ẹ̀rù ńkọ́?"

"Márùn-ún péré, mà." Àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì.

"Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá," ni dókítà wí níkẹyìn. "Màmá, ó dà bíi pé kò nílò ìtọ́jú mi."

Ìyá rẹ̀ fò dìde. "Olúwa, o ṣé o!" Ó na ọwọ́ láti gbá a mọ́ra, ọwọ́ tó fi bó ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, tí dúdú rẹ̀ ṣì wà léèékánná. Ọ̀rẹ́dọlá sá sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbá ògiri.

"Èétirí, ọmọ mi? Èmi ìyá rẹ ni."

Oṣù méje rèé tí ìyá rẹ̀ ò tíì fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá lọ sílé báyìí, ta ni yóò gbà á? Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó gbé ike náà kalẹ̀ sórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ pa á rẹ́. Mẹ́ta ni. Ẹ̀rù bà mí dé ọgọ́rùn-ún."

Dókítà pa mẹ́wàá náà rẹ́, ó kọ mẹ́ta. "O ṣeun. Mẹ́ta tó jẹ́ òótọ́ ni mo lè wò. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó jọ wá ìkẹrin."

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà, Ọ̀rẹ́dọlá fi ìka kan ṣoṣo kan ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an, ṣùgbọ́n kò mú un kúrò títí wọ́n fi kọjá ìlú Òrù. Ìyá rẹ̀ kò mira, omi ṣáà ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá fi àìsàn pamọ́ fún oníṣègùn, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ. Ọ̀rẹ́dọlá ti gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá lọ́pọ̀ ìgbà. Mẹ́ta yìí ló gbà á là.