Níbo Ni Tíṣà Bámgbóyè Wà Lójú Ọ̀nà?

"Mọ́tò ló ni ọ̀nà, Tíṣà."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kejìlá, ọdún 1934, níwájú gbogbo kíláàsì wa ní Adó. Tíṣà Bámgbóyè ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀nà sára pátákó, ó sì ya kẹ̀kẹ́ kékeré kan sí etí rẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Ó ní ibẹ̀ ni ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ máa gbà, torí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń pọ̀ lọ́nà Ìjan, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi kẹ̀kẹ́ ṣeré láàárín ọ̀nà mọ́. Ẹnu mi tí kì í gbé jẹ́ẹ́ ni mo bá là. Àwọn ẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín.

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, Monínúọlá?"

"Bùọ̀dá mi ni, sà. Dẹ́rẹ́bà ni wọ́n."

"Kúnlẹ̀ síwájú ibí. Gbé ọwọ́ rẹ méjèèjì sókè."

Mo kúnlẹ̀ títí agogo fi lù. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà, mo ga ju ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin kíláàsì wa lọ, ojú sì tì mí débi pé n kò lè wo ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe dìde tí mo ń gbọn eruku orúnkún mi ni mo ti ń rò ó pé n óò gbẹ̀san lára ọkùnrin yìí.

Ajíbádé ni orúkọ Bùọ̀dá mi, àbúrò ìyá mi ni. Ìyá mi ń gbé ní Ìjan, níbi tó ti ń dáko. Ọ̀dọ̀ Bùọ̀dá ni mo ń gbé ní Adó kí n lè máa lọ sílé ìwé. Lọ́jọ́ Ẹtì, n óò bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Ìjan, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni a óò sì padà. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, èèyàn dáadáa ni. Kò fi ebi pa mí rí, kò sì na ọwọ́ sí mi rí. Ṣùgbọ́n ó ní eré kan tó máa ń ṣe.

Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọdé bá wà lórí kẹ̀kẹ́ tó pàdé àgbà, ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kó tó kí i. Ẹni tó bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí bàbá ẹlòmíràn, wọ́n á ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Bùọ̀dá wá ní mọ́tò ni àgbà, kẹ̀kẹ́ ni ọmọdé. Bó bá rí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ níwájú, á sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, á fọn fèrè ọkọ̀ lójijì, olúwarẹ̀ á sì fò wọ inú igbó tòun ti kẹ̀kẹ́. Bùọ̀dá á na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, á ní: "O káre, ọmọ mi! Wàá dàgbà!" Èmi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Kíkí ni àwa méjèèjì ń pe eré náà.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọyẹ́ mú gan-an. Ibà dá ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró sí Ìjan, nítorí náà, èmi àti Bùọ̀dá nìkan ló wà nínú ọkọ̀, pẹ̀lú iṣu, tí àwa ń pè ní usu, tó kún ẹ̀yìn. A ti rìn díẹ̀ nígbà tí mo rí kẹ̀kẹ́ kan níwájú wa nínú kùrukùru. Agboòrùn dúdú tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi mọ ẹni tó ni ín. Ọmọ Ìjan ni Tíṣà Bámgbóyè náà, òun náà sì máa ń lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. Etí ọ̀nà lọ́wọ́ òsì ló wà, gẹ́lẹ́ bó ṣe yà á sára pátákó.

"Bùọ̀dá," ni mo wí, "Tíṣà tó ní kí n kúnlẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó kí wa."

Bùọ̀dá wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé kó kí wa?"

"Kó kí wa dáadáa, sà."

Ó tẹ ọkọ̀. Afárá kékeré kan wà níwájú níbẹ̀, ògiri rẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ, ọyẹ́ sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ nínú wa. Nígbà tí Bùọ̀dá fọn fèrè, Tíṣà ti wọ orí afárá, kò sì síbi tó lè fò sí. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Mo rí ojú rẹ̀ kedere, ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ sì pa ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu. Pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá a ní èjìká. Agogo kẹ̀kẹ́ dún lẹ́ẹ̀kan péré, nǹkan kan há sábẹ́ ọkọ̀, ó ń ha ilẹ̀ kíríkírí, lẹ́yìn náà ó já bọ́.

Bùọ̀dá tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró. N kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wa.

"Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ wò wọ́n."

Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ nínú òtútù yẹn. Ó di sítíárì mú. "Ó ti fò sínú igbó," ló wí. "Ó kí wa ni. Àbí o ò rí i?" Kó tó di pé mo dáhùn, ó ti tẹ ọkọ̀ lọ. Nígbà tí a rí òrùlé àwọn ilé Adó lọ́ọ̀ọ́kán, ó sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi: "Bí a bá dé ulé, o ò rí nǹkan kan. Ṣé o gbọ́ mi? Bí wọ́n bá mú mi, ta ni yóò máa bọ́ ọ? Ta ni yóò máa gbé usu ìyá rẹ wá sọ́jà?"

"Mo gbọ́, sà."

Mo lọ sílé ìwé. Kẹ̀kẹ́ kékeré tí Tíṣà fi ṣọ́ọ̀kì yà ṣì wà lára pátákó, kò sẹ́ni tó nù ún. Mo jókòó síwájú rẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ tí mo bá gbọ́ níta, mo rò pé òun ló ń bọ̀, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ òun. Nígbà tí oòrùn mú, àwọn àgbẹ̀ kan gbé e kọjá níwájú ilé ìwé lórí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ṣe àtẹ, wọ́n ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọwọ́ rẹ̀ kan ń mì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ náà.

Kò kú. Ìròyìn tí a gbọ́ lọ́jọ́ kejì nìyẹn, mo sì lọ sẹ́yìn ilé ìwé, mo sunkún ayọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Àárín ọ̀nà gan-an ni wọ́n ti rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹsẹ̀ tẹ gbogbo eruku ibẹ̀, kò sí ipa táyà kankan tó kù. Gbogbo ìlú bá gbà pé àárín ọ̀nà ló wà, pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà ni. Àwọn kan tiẹ̀ ní ó ti mu ẹmu ní Ìjan kó tó gbéra. Àwọn àgbà ìjọ tó ni ilé ìwé ní bí ọdún tuntun bá dé, àwọn yóò wá tíṣà mìíràn, torí ẹni tí kò lè ṣe ohun tó ń kọ́ ọmọdé kò yẹ níwájú wọn. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ọkọ̀ ló wọ́ kẹ̀kẹ́ náà dé àárín ọ̀nà.

Ẹ̀rù ń bà mí ní ulé Bùọ̀dá. Ó ti fọ ọkọ̀, ó ti fi ọ̀dà kun pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò jágbe mọ́ mi o. Ṣe ló ń kẹ́ mi. Ó mú ẹran inú abọ́ tirẹ̀ sínú tèmi, ó sì jókòó tì mí, ó ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń jẹun.

"Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ ńkọ́?"

"N kò rí nǹkan kan, sà."

"Bí wọ́n bá ní o rí i ńkọ́?"

Mo tẹjú mọ́ abọ́ oúnjẹ mi.

"Àárín ọ̀nà ló wà," ni Bùọ̀dá wí jẹ́jẹ́. "Wí i kí n gbọ́."

"Àárín ọ̀nà ló wà, sà." Mo dá ẹran náà padà sínú abọ́.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ọ̀gá ilé ìwé wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, kó gbogbo kíláàsì lọ kí Tíṣà. Wọ́n fi aṣọ funfun wé orí rẹ̀, wọ́n sì fi pákó di ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ó ti rù láàárín ọjọ́ mẹ́ta. A kí i, ó dá wa lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rántí orúkọ gbogbo wa.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí, "láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ní Ìjan, n kò rántí nǹkan kan mọ́. Wọ́n ní àárín ọ̀nà ni mo wà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ forí jì mí. Mo kọ́ yín ní nǹkan kan, mo sì lọ ṣe òmíràn." Omi bọ́ lójú rẹ̀. N kò rí àgbàlagbà ọkùnrin kó sunkún báyìí rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kó máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé.

Mo ro Bùọ̀dá. Mo ro ọ̀nà ulé tí n óò tọ̀ nírọ̀lẹ́, mo ro ìyá mi. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ gbé mi jáde. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti fẹ́ gba irọ́ gbọ́ mọ́ ara rẹ̀, èmi sì ni mo mọ òtítọ́ tó lè gbà á sílẹ̀.

"Etí ọ̀nà lẹ wà, Tíṣà," ni mo wí. "Ọwọ́ òsì, níbi tí ẹ yà fún wa gan-an."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè yí sí mi. "Báwo ni o ṣe mọ̀, Monínúọlá?"

Mo kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí n kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Inú ọkọ̀ tó gbá wọn ni mo wà, sà. Bùọ̀dá mi ló wà á. Èmi ni mo ní kó dẹ́rù bà wọ́n, torí inú ń bí mi. A rò pé wọn yóò fò sígbó ni. A kò sọ̀ kalẹ̀ wò wọ́n, a sá lọ ni."

Mo sọ ọ́ tán, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Tíṣà wò mí títí, lẹ́yìn náà ó di ojú rẹ̀. "Etí ọ̀nà," ló ń wí lábẹ́ ẹnu, "etí ọ̀nà ni mo wà."

Wọ́n mú Bùọ̀dá lọ́jọ́ náà. Kóòtù rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, wọ́n sì gba ìwé tó fi ń wakọ̀. Kí wọ́n tó mú un lọ, ó wò mí, kò bínú, ojú rẹ̀ kàn dà bí ojú Tíṣà lórí afárá. N kò lè gbàgbé ìyẹn. Ìyá mi fẹsẹ̀ rìn wá láti Ìjan. "Àbúrò mi kan ṣoṣo," ló wí, "ọmọ mi ló fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́." Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí usu tuntun fi jáde. Ọ̀dọ̀ ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé ni mo lọ ń gbé.

Lẹ́yìn Àjíǹde, Tíṣà padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá. Kò lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo bá a gbé ìwé rẹ̀, a jọ ń rìn lọ létí ọ̀nà. Ni mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ akẹ́rù kan lẹ́yìn wa. Ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi, n kò lè gbé ẹsẹ̀.

Tíṣà ti ọ̀pá rẹ̀ síwájú, ó tiro yí mi ká, ó sì dúró sí apá ibi tí ọkọ̀ yóò gbà kọjá, kí èmi lè wà níhà igbó.

"Bọ́ sí apá ibí, Monínúọlá," ló wí. "Jẹ́ kó kọjá."

Ọkọ̀ náà kọjá, eruku bò wá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀rù tí a bá fi ń ba ẹlòmíràn kì í ṣe eré rárá, àti pé bí a bá ti ṣe é, kí a dúró kí a jẹ́wọ́ ló kù, bí ó ti wù kí ó nira tó. Mo ṣa ìwé rẹ̀ jọ nínú eruku, a sì ń bá ọ̀nà wa lọ.