Obìnrin Kan, Káàdì Mẹ́ta

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ṣítù! Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?"

Abọ́sẹ̀dé ló ń kí Alájà Rùkáyàt, tó ń ta àǹkárá ní ọjà Tejúoṣó ní Yaba. Ìṣó ló gún un lẹ́sẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni kan lẹ́yìn ọjà náà ni Abọ́sẹ̀dé ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń kọ káàdì àwọn aláìsàn. Ọdún 1993 ni.

Abọ́sẹ̀dé kì í béèrè orúkọ lọ́wọ́ àgbà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, wọn ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nílé. Orúkọ ọmọ ló fi ń pe ìyá, òun náà ló sì ń kọ sórí káàdì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé inú fáìlì kọ́ ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà.

Ó fa káàdì "Ìyá Ṣítù" yọ, ó gbé e fún Nọ́ọ̀sì Jennifer.

"Màmá, ṣé abẹ́rẹ́ kan wà tí ara yín kì í gbà?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

"Ó wà o. Èmi ò mọ orúkọ òyìnbó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ sínú káàdì mi."

Jennifer yí káàdì síwá sẹ́yìn. "Kò sí nǹkan kan níbí, Màmá. Bóyá ilé ìwòsàn mìíràn ni." Ó ti fa pẹnisílínì sínú abẹ́rẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ibí náà ni. Báírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, ojú mi ló ṣe!"

Abọ́sẹ̀dé gbọ́ ọ nídìí tábìlì rẹ̀, ó fò dìde. Kò sí yíǹkì pupa kankan nínú káàdì tó fà yọ.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gún wọn!"

Ó tú àpótí káàdì palẹ̀. Ó rí "Mísíìsì Oyèníran", orúkọ ọkọ Ìyá Ṣítù. Ó rí "Alájà Rùkáyàt". Akọ̀wé tó ṣáájú rẹ̀ ló kọ méjèèjì. Àdírẹ́sì kan náà ló wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ti "Alájà Rùkáyàt" ni báírò pupa wà: *Pẹnisílínì. Ara rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Ẹ má fún un mọ́ láé.*

Jennifer gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Abọ́sẹ̀dé bú sẹ́kún.

Wọ́n fi oògùn mìíràn tọ́jú ìyá, ó sì lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, Abọ́sẹ̀dé tọ Túbọ̀sún lọ, ẹni tí wọ́n gbà láti máa lo kọ̀ǹpútà tuntun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà kó gbogbo káàdì sínú kọ̀ǹpútà, kó parí."

"Kò lè parí. Tí mo bá kó obìnrin mẹ́ta wọlé, obìnrin mẹ́ta náà ni kọ̀ǹpútà máa bá wa tọ́jú pamọ́. Àwa la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n."

"Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n? Rùkáyàt mélòó ló wà ní Yaba!"

"Orúkọ nìkan ò tó. A máa wo ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì, a máa bi ẹni náà fúnra rẹ̀, ká tó pa káàdì pọ̀. Lẹ́yìn náà, a máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan àti káàdì kan tó jẹ́ ìyá fún ìyókù. Àwọn orúkọ yòókù á wà lábẹ́ ẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò o, ibi oògùn o, òun ni gbogbo wọn á máa wò. Ìwọ nìkan lo sì máa lè tún un kọ."

"Èmi kẹ̀?"

"Ta ló gbọ́ báírò pupa tó fò dìde?"

Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí Alájà tún padà wá, Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ kí i, ó sì béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ yín gan-an?"

"Háà! Ṣé o ti gbàgbé mi ni?"

"Rárá o, mà. Torí kí ilé yìí má baà gbàgbé yín ni."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé iṣẹ́, ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹnì kan ní lọ́dọ̀ yín, kí gbogbo yàrá sì máa wo ọ̀kan náà. Ẹ fi í sọ́wọ́ ẹni tí yóò máa tún un ṣe. Ẹ̀yin aláìsàn, orúkọ kan náà ni kí ẹ máa sọ níbi gbogbo, kí ẹ sì mọ orúkọ oògùn tí ara yín kọ̀. Ẹ kúnlẹ̀ kí àgbà o. Bí ẹ bá dìde, ẹ béèrè orúkọ wọn.