Ìdánwò Ojú Òsì

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọbìnrin náà nígbà tó kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí yóò ṣe yege nínú ìdánwò ojú, bẹ́ẹ̀ ojú òsì ẹ̀gbọ́n náà kò ríran rárá.

Orí àga pákó ló jókòó sí nínú yàrá dókítà ojú lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń wọn ojú fún nítorí awò tuntun. Télọ̀ ni ìyá náà, ojú abẹ́rẹ́ sì ti ń sá fún un láti bí oṣù mẹ́ta. Pátákó funfun kan wà lára ògiri. Lẹ́tà gàdàgbà kan wà lókè rẹ̀, méjì tó kéré díẹ̀ wà lábẹ́ ìyẹn, wọ́n sì ń kéré lọ bẹ́ẹ̀ títí ìlà tó kẹ́yìn fi dà bí èèrà. Nígbà tí dókítà kọ ẹ̀yìn sí i, ọmọ náà dìde, ó sún mọ́ pátákó, ó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀, ó sì da gbogbo rẹ̀ kọ. Kódà nọ́ńbà kékeré tí àwọn tó tẹ pátákó náà kọ sí igun ìsàlẹ̀, 6014, ó kọ ọ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bó bá ń da nǹkan kọ, kì í ṣẹ́ nǹkan kan kù.

"Kí lò ń kọ níbẹ̀ yẹn?" ìyá rẹ̀ bi í nígbà tí wọ́n jáde.

"Iṣẹ́ ilé ni, Màámi."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Tíṣà ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí láti kékeré ló ti máa ń to bàtà sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́, tí á máa kọ́ wọn ní ìṣirò. Nílé ìwé, Ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè é. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ìwé òun nínú ìdánwò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bẹ̀ ẹ́ rí pé, "Ìlà kan péré, jọ̀ọ́." Ó fi apá bo ìwé, ó ní, "Lọ kàwé." Ọ̀rẹ́ náà kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyẹ́ ni orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Akànṣẹ́ ni, iṣẹ́ tó yàn láàyò ni, kì í ṣe eré ọwọ́dilẹ̀. Ìpele ìyẹ́ ni wọ́n ń pe ìpele tó ń jà nínú rẹ̀, nítorí àwọn ibẹ̀ fúyẹ́: kìlógíráàmù mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kóòṣì ló wá sọ ọ́ di orúkọ fún un. "Atẹ́gùn ló ń gbé e kiri," ló máa ń sọ, "ṣùgbọ́n bó bá bà ọ́, wàá mọ̀ pé ìyẹ́ yìí ní egungun nínú."

Ìjà mẹ́tàlá ni Ìyẹ́ ti jà. Ó borí nínú méjìlá, ọ̀kan já sí ọ̀mì. Ọdún méje ló fi ń sáré ní ìdájí, tó ń fo okùn, tó ń wọ aṣọ òtútù lábẹ́ oòrùn kó lè làágùn dànù kí wọ́n tó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bí ọ̀sẹ̀ ìwọ̀n bá dé, omi kì í kọjá ọ̀fun rẹ̀. Á fi yọ ẹnu, á tu ú dànù. Màámi kì í lè wò ó. Nísinsìnyí, ìjà bẹ́líìtì, èyí tí wọ́n fi ń mọ ọ̀gá ìpele náà, ti dé.

Ṣùgbọ́n ìjà kẹtàlá ti ba nǹkan jẹ́. Àtàǹpàkò alátakò gún un lójú òsì. Ìyẹ́ borí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí nǹkan kan. Tíṣà ló rí i pé nǹkan wà. Ó rí i tí Ìyẹ́ ń bu omi, tí omi ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó rí i tí èjìká òsì rẹ̀ ń gbá férémù ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan tí Ìyẹ́ ń jẹun, ó rọra dúró sí apá òsì rẹ̀, ó na ìka méjì sókè. Ìyẹ́ ń jẹun lọ.

"Bọ̀ọ̀dá, ìka mélòó nìyí?"

"Ìka kí?" Ó yí orí rẹ̀ pátápátá kó tó rí i. Síbí dúró sójú kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ò rí i."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Màámi wà nínú yàrá."

Ẹ̀yìnkùlé ló ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ dúdú sí ojú náà. Ó ti yọ́ lọ bá dókítà kan ní ìlú mìíràn tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Dókítà yẹn ní ojú òsì ti lọ, ọ̀tún náà sì ti ń ṣú, kò lè ka ju ìlà mẹ́ta lọ lára pátákó. Ó ní kó má kan ẹ̀ṣẹ́ mọ́ láé. Bí ọ̀tún bá tún fi lè gba ẹ̀ṣẹ́ líle, ó tán nìyẹn.

"Ẹ fi í sílẹ̀, nígbà náà," Tíṣà sọ.

"Ìjà kan péré, Tíṣà. Bí mo bá ti gba bẹ́líìtì, màá gbé ìbọ̀wọ́ kọ́, èmi náà á di kóòṣì. Ọdún méje! Ṣé ẹnu ọ̀nà ni kí n ti padà?" Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àjọ akànṣẹ́ ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ dókítà tó ń wo Màámi. Lẹ́tà ara pátákó yẹn náà ni. Ta ló tún mọ bí wọ́n ṣe ń há nǹkan sórí jù ẹ́ lọ?"

Ó yẹ kí Tíṣà sọ pé rárá. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyẹ́ kò bẹ̀ ẹ́ fún ohunkóhun rí. Òun ló ń pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwé nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Bó ṣe di pé ó tẹ̀ lé Màámi lọ da pátákó kọ nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi kọ́ ọ. Ìyẹ́ kì í tètè há nǹkan sórí, nítorí náà Tíṣà sọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan di ọ̀rọ̀, bó ṣe ń ṣe fún ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì. E, T, R, M, L, O di "Ẹ̀gbọ́n Tíṣà Rí Màlúù Lórí Òrùlé." K, F, B, J di "Kóòṣì Fò, Bàtà Já."

"Báwo ni màlúù ṣe dórí òrùlé?"

"Ẹ má bi mí. Ẹ ṣáà há a sórí."

"Kóòṣì wá fò kẹ̀, pẹ̀lú ikùn yẹn!" Ìyẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀ méjèèjì, èyí tó ríran àti èyí tí kò ríran. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò pé, ó tẹ̀ lé e lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ilẹ̀kùn kò pa dé dáadáa, ó sì ń gbọ́ wọn.

"Bo ojú ọ̀tún. Kí lo rí?"

"E." Ìyẹ́ dúró díẹ̀, bí Tíṣà ṣe kọ́ ọ, kó má bàa jọ àkọ́sórí. "T, R. M, L, O…" Ó ń lọ, Tíṣà ń bá a kà á lábẹ́ ètè. Ó dé ìlà tó kẹ́yìn. Kò dúró. "Mẹ́fà, òdo, ọ̀kan, mẹ́rin."

Bàtà dókítà ró lọ sídìí pátákó.

"Nọ́ńbà wo nìyẹn?" dókítà bi í.

"Èyí tó wà nísàlẹ̀, mà."

"Ọdún kọkànlá mi nìyí nínú yàrá yìí. Èmi fúnra mi ò lè rí nọ́ńbà yẹn láti ibi tí o wà."

"Ojú àwòdì ni tèmi, mà," Ìyẹ́ sọ, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn jù.

Dókítà jáde, ìwé lọ́wọ́ kan, bírò lọ́wọ́ kejì. Ó jókòó ti Tíṣà.

"Ìwọ ni àbúrò rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ lo bá ìyá rẹ wá níjọ́sí. Gbọ́ mi. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wo inú ojú wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Bí mo bá ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ padà wá nígbà tí ẹ̀rọ náà bá dé, ìjà rẹ̀ á ti kọjá. Ẹ jọ ń gbélé, ìwọ ni mo bi. Ṣé ojú ẹ̀gbọ́n rẹ dáa?"

Tíṣà wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀: kò dáa, mà. Kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn dókítà, Ìyẹ́ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó yí orí rẹ̀ pátápátá kó lè rí Tíṣà.

"Ó dáa, mà," ló sọ.

Dókítà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ síwèé lórí orúnkún rẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni ìjà náà. Màámi kò wá. Ó ní òun á jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ òun. Ẹ̀yìn Kóòṣì ni Tíṣà jókòó sí. Abala mẹ́wàá ni wọ́n máa jà. Nínú mẹ́rin àkọ́kọ́, Ìyẹ́ fò bí orúkọ rẹ̀, àwọn èèyàn ń kọrin. Ní abala karùn-ún, alátakò rí ọ̀nà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí apá òsì Ìyẹ́ bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ìyẹ́ wá ń yí orí sí òsì kí ojú tó kù lè rí ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀. Bó ṣe yí i, bẹ́ẹ̀ ni ojú tó kù náà ń bọ́ síwájú, tó ń gba ọwọ́ òsì alátakò.

"Gbé orí rẹ tọ́!" Kóòṣì ń pariwo. "Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí! Kí ló ń ṣe ọmọ yìí lónìí?"

Nínú gbogbo àwọn tó ń wòran nínú gbọ̀ngàn náà, Tíṣà nìkan ló mọ ìdáhùn. Lẹ́yìn abala keje, ó dìde, ó fọwọ́ kan Kóòṣì lẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìjà yìí dúró."

"Dá kí ni dúró? À ń borí!" Kóòṣì ń fi yìnyín tẹ ojú Ìyẹ́, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Lọ jókòó, jàre."

"Ojú rẹ̀, ẹ̀—"

"Tíṣà." Ìyẹ́ ló pè é láti orí àpótí. Ó mi orí sí i. Agogo lù. Tíṣà padà lọ jókòó.

Ìyẹ́ ló borí. Àwọn adájọ́ ka máàkì, wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, wọ́n so bẹ́líìtì mọ́ ọn nídìí, gbọ̀ngàn dà rú. Tíṣà gun orí pèpéle, ó dì mọ́ ọn. Ìyẹ́ gbé ẹnu sí etí rẹ̀.

"Tíṣà, kí ló dé tí wọ́n pa iná?"

Iná kankan kò kú. Gbogbo rẹ̀ ń tàn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Tíṣà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá dókítà tó fọwọ́ síwèé, ó jẹ́wọ́. Dókítà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àjọ akànṣẹ́. Wọ́n gba bẹ́líìtì padà, wọ́n sì yọ orúkọ dókítà kúrò nínú àwọn tó ń bá wọn ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tí Màámi gbọ́, kò pariwo. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó gbé e sórí aṣọ tó ń rán.

"Ìwọ tí o kò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ wo ìlà kan," ló sọ. "Ọ̀rẹ́ rẹ, bó bá kùnà, á tún ìdánwò ṣe. Èwo ni ẹ̀gbọ́n rẹ máa tún ṣe? O fi ata sẹ́nu, o fẹ́ ẹ lójú."

Tíṣà ti rò pé ìfẹ́ ni òun ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn á sọ òtítọ́ tó lè gbà á là, bí onítọ̀hún tilẹ̀ máa yan án lódì fún ọdún kan. Irọ́ tó dùn mọ́ ọn lónìí kò ní bá a mú ọ̀pá lọ́la. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un láti sọ̀rọ̀, lórí bẹ́ǹṣì àti lẹ́yìn Kóòṣì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì gbé òtítọ́ mì.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, wọ́n mú Ìyẹ́ padà lọ sí yàrá dókítà náà. Ó jókòó gbọnyin lórí àga, ọwọ́ lórí orúnkún.

"Bo ojú òsì," dókítà sọ. "Kí lo rí?"

Ìyẹ́ gbé ọwọ́ bo ojú òsì. Ó dákẹ́ díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "E," ló sọ. "T, R. M, L, O. K, F, B, J…" Ó kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, kò ṣi ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fo nọ́ńbà.

Dókítà wo Tíṣà. Tíṣà wo dókítà.

"Tíṣà, ṣé mo gbà á?"

"Rárá, Bọ̀ọ̀dá," ó dáhùn. "Ẹ̀yìn yín ni pátákó wà. Ògiri lásán lẹ kọjú sí."

Ìyẹ́ sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti lọ.