Òjòlá Gbá Ọwọ́ Télọ̀ Mú Bí Ẹni Mú Ehoro

"Màdáàmù, ẹ má bẹ̀rù. Jẹ́jẹ́ mọ̀ mí ju ìyàwó mi lọ!"

Ọ̀gá Télọ̀ ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, níwájú àpótí onígíláàsì tí Jẹ́jẹ́, òjòlá tó ń sìn, ń gbé.

"Ó dáa, kó máa dáná fún yín," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́. "Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, oníbàárà ń dúró."

Oníbàárà náà dúró ṣanṣan. Abẹ́rẹ́ kún aṣọ tí wọ́n ń wọ̀n sí i lára, kò lè jókòó, kò sì sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Télọ̀ ti bá ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ehoro tí ìyàwó náà ń sìn láti inú àgò kan sí òmíràn. Kò fọ ọwọ́. Ó ní òun kì í fi ọwọ́ tútù sún mọ́ aṣọ oníbàárà, àkísà ló fi nu ún. Ó wá ṣí àpótí, ó na ọwọ́ sí ejò náà.

Pá!

"Yéè! Mo gbé o!"

"Ẹ kú eré," ni ìyàwó rẹ̀ wí, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ọkọ rẹ̀ ti fi irú igbe yìí tàn án jẹ rí. Nígbà tó yíjú, ẹ̀jẹ̀ ló rí. Jẹ́jẹ́ ti ki ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀ bọ ẹnu, ó ti wé mọ́ apá, ó ń gòkè lọ sí ọrùn.

Obìnrin náà fa sísọ́ọ̀sì ńlá yọ. "Mo máa gé e sí méjì!"

"Ẹ má gé e! Ẹ má fà á!"

Ta ló sọ̀rọ̀? Oníbàárà tí kò lóhùn látàárọ̀ ni!

"Dókítà ẹranko ni mí. Eyín rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bí ìwọ̀ ẹja. Bí ẹ bá fà á, ẹran ara ló máa bá a lọ. Ọ̀gá, ẹ má jà! Bí ẹ bá ń jà, á túbọ̀ fún yín. Ìyàwó, omi tútù!"

Wọ́n da omi lé ejò lórí. Kò tú. Wọ́n tún da òmíràn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnu rẹ̀ là. Dókítà di orí rẹ̀ mú lẹ́yìn, ìyàwó sì tú u láti ìrù, títí wọ́n fi dá a padà sínú àpótí.

Télọ̀ na ọwọ́ sí dókítà. "Kí ni mo ṣe fún un?"

Dókítà gbóòórùn ọwọ́ náà. "Òórùn ehoro ló gbọ́ lọ́wọ́ yín."

"Ṣé ehoro ni mí lójú ẹ̀ ni?"

"Ehoro tó mọ aṣọ rán," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ẹ̀rín fẹ́ pa á.

"Lánàá," ni Télọ̀ wí fún ìyàwó rẹ̀ jẹ́ẹ́, "tí o ò sí nílé, mo gbé e kọ́ ọrùn."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wọn.

Ẹ̀yin tó ń sin òjòlá, ẹ gbọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa, pàápàá bí ẹ bá ti kan ehoro tàbí eku. Ẹ̀mú gígùn ni kí ẹ fi fún un lóúnjẹ, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀pá kàn án lára pẹ̀lẹ́, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ ló dé. Bó bá ti tóbi, ẹ má dá nìkan gbé e, ẹ má sì gbé e kọ́ ọrùn láéláé. Bó bá bu yín jẹ, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú egbò, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìfẹ́ tí ẹ ní sí ejò kò lóòórùn. Ohun tó bá sì gbóòórùn ẹ̀ ló ń gbé mì.